Orí 7: Bí Kernel Ṣe Ń Dá Ìpè Ètò Lóhùn, pẹ̀lú Ẹ̀kọ́ Láti Ara Ìkọlù Monrovia Ọdún 2016

Ohun tí orí yìí wà fún

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kó lè:

- ṣàlàyé ìdí tí ètò kọ̀ǹpútà kò fi lè fọwọ́ ara rẹ̀ kan díìsìkì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tàbí mẹ́mórì ètò mìíràn;
- tọ ipasẹ̀ ìpè kan láti inú ètò wọ inú kernel, títí ìdáhùn yóò fi padà dé;
- dárúkọ àwọn àyẹ̀wò tí kernel gbọ́dọ̀ ṣe kó tó jẹ́ ìpè;
- fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Monrovia ṣàlàyé ohun tí kernel lè dí lọ́wọ́ àti ohun tí kò lè dí.

7.1 Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Monrovia

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, nẹ́tíwọ́ọ̀kì Lonestar Cell MTN, ọ̀kan lára àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ńlá ní Làìbéríà, bẹ̀rẹ̀ sí í dákú dájí. Détà á ṣiṣẹ́ díẹ̀, á tún lọ. Okùn abẹ́ òkun kan ṣoṣo, ACE, tó gúnlẹ̀ sí Monrovia ní 2011, ni orílẹ̀-èdè náà gbára lé nígbà náà. Ìròyìn tàn káyé pé gbogbo Làìbéríà ti jábọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn onímọ̀ kan yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n ní ẹ̀rí kò tó láti sọ ìyẹn. Ohun tí kò sí àríyànjiyàn lé lórí ni pé Lonestar gbọgbẹ́. Ilé-iṣẹ́ náà ná nǹkan bíi $600,000 láti dáàbò bo ara rẹ̀, yàtọ̀ sí owó ọjà tó pàdánù bí àwọn oníbàárà ṣe ń sá lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, ilé-ẹjọ́ Blackfriars Crown Court ní London rán Daniel Kaye, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe iṣẹ́ náà fún owó, lọ sẹ́wọ̀n ọdún 2 àti oṣù 8.

Ohun ìjà tó lò ni Mirai. Ètò kékeré ni Mirai, èdè C ni wọ́n fi kọ ọ́, kóòdù rẹ̀ sì ti wà ní gbangba láti ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ńlá ló ń wá. Kámẹ́rà ìṣọ́lé, ẹ̀rọ tó ń ka fídíò kámẹ́rà sílẹ̀ àti ráútà inú ilé ló ń wá kiri ayé. Bó bá rí ọ̀kan, á gbìyànjú orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé bíi 60, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀: admin àti admin, root àti xc3511, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ògiri ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ lanu sílẹ̀, Mirai sì wọlé. Nígbà tí olúwa rẹ̀ bá pàṣẹ, gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyẹn á máa rọ́ packet lu ibì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí ni ìyẹn ní í ṣe pẹ̀lú orí ẹ̀kọ́ yìí? Òun ni gbogbo rẹ̀. Linux ni kernel tó wà nínú èyí tó pọ̀ jù lára àwọn ẹ̀rọ náà, Mirai kò sì fọ́ kernel kankan. Kò wá ihò tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ẹnu ọ̀nà tí gbogbo ètò ń gbà ló gbà, ó béèrè bí gbogbo ètò ṣe ń béèrè, kernel sì dá a lóhùn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí irú èyí ṣe ṣeé ṣe, àfi kó kọ́kọ́ mọ ẹnu ọ̀nà náà dáadáa.

7.2 Ìdí tí ètò fi gbọ́dọ̀ béèrè

CPU òde òní ní ipò méjì, ó kéré tán. Ipò kìíní ni ti kernel, níbi tí gbogbo àṣẹ CPU ti ṣeé pa. Ipò kejì ni ti ètò lásán, níbi tí wọ́n ti ká CPU lọ́wọ́ kò. Lórí CPU irú x86, ring 0 ni ti kernel, ring 3 ni ti ètò. Lórí ARM 64-bit, EL1 ni ti kernel, EL0 ni ti ètò. Bí ètò tó wà ní ipò kejì bá fẹ́ pa àṣẹ tó jẹ́ ti kernel nìkan, tàbí tó fẹ́ ka mẹ́mórì tí kì í ṣe tirẹ̀, CPU fúnra rẹ̀ ló máa dá a dúró, á sì fà á lé kernel lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kernel á pa ètò náà.

Ìdí mẹ́ta ló wà fún ìdènà yìí. Àkọ́kọ́ ni ààbò: bí ètò kan bá bàjẹ́, kò gbọdọ̀ ba ti ẹlòmíràn jẹ́. Èkejì ni pínpín: ètò ọgọ́rùn-ún lè fẹ́ lo káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ tò wọ́n. Ẹ̀kẹta ni ìrọ̀rùn: ẹni tó ń kọ ètò kò ní láti mọ irú díìsìkì tó wà nínú ẹ̀rọ oníbàárà rẹ̀. Á ní kí kernel kọ̀wé sí fáìlì, kernel á sì mọ bí yóò ṣe ṣe é.

Báńkì ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn jù. Oníbàárà kì í wọ yàrá owó lọ fúnra rẹ̀. Á kọ ìwé, á nà án sí akọ̀wé tó wà lẹ́yìn gíláàsì. Akọ̀wé á yẹ nọ́ńbà àkáǹtì wò, á yẹ ìbuwọ́lù wò, á wò ó bóyá owó wà níbẹ̀, á wá lọ mú owó wá tàbí kó dá ìwé padà. Ìwé yẹn ni a ń pè ní ìpè sí kernel. Láti ìsinsìnyí lọ, a ó máa pè é ní ìpè lásán.

Linux lórí x86-64 ní ìpè tó ju 300 lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nọ́ńbà yìí kì í yí padà, nítorí ètò tí wọ́n ti kọ lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn gbọ́dọ̀ ṣì máa ṣiṣẹ́ lónìí. Àmọ́ irú CPU kọ̀ọ̀kan ló ní àtẹ nọ́ńbà tirẹ̀. Ìpè write jẹ́ 1 lórí x86-64, ó jẹ́ 4 lórí x86 32-bit àti ARM 32-bit, ó sì jẹ́ 64 lórí ARM 64-bit. Ẹni tó bá fẹ́ ka àlàyé lórí ìpè kọ̀ọ̀kan, apá kejì ìwé atọ́nà Unix ni kó ṣí. Apá kejì yẹn ló ti jẹ́ ti ìpè láti ìgbà ẹ̀dà àkọ́kọ́ ìwé náà ní 1971.

7.3 Ọ̀nà tí ìpè kan ń tọ̀

Ẹ jẹ́ ká mú ìpè tó rọrùn jù. Ètò kan fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ Monrovia sójú kọ̀ǹpútà, kó sì bọ́ sí ìlà tuntun. Lórí x86-64, bó ṣe máa rí nìyí:

    mov  eax, 1
    mov  edi, 1
    lea  rsi, [rip + oro]
    mov  edx, 9
    syscall

Ìlà kìíní fi nọ́ńbà ìpè, ìyẹn 1 fún write, sínú rẹ́jísítà rax. Ìlà kejì sọ ibi tí a fẹ́ kọ ọ́ sí: 1 dúró fún ojú kọ̀ǹpútà. Ìlà kẹta sọ àdírẹ́sì tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú mẹ́mórì. Ìlà kẹrin sọ iye báìtì tí a fẹ́ kọ, ìyẹn 9: lẹ́tà 8 tó wà nínú Monrovia, àti àmì ìlà tuntun. Ìlà karùn-ún ló kan ilẹ̀kùn. Ìpè kan lè gbé nǹkan mẹ́fà dání, wọ́n sì gbọ́dọ̀ wà létòlétò nínú rdi, rsi, rdx, r10, r8 àti r9.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn àṣẹ syscall nìyí:

1. CPU á tọ́jú àdírẹ́sì tí ètò ti máa tẹ̀síwájú sínú rcx, á tọ́jú àwọn àmì ipò rẹ̀ sínú r11, á sì bọ́ sí ring 0. Nítorí pé rcx ti ní iṣẹ́ yìí ni nǹkan kẹrin tí ìpè gbé dání ṣe wà nínú r10.

2. CPU á fò lọ sí àdírẹ́sì tí kernel ti kọ sínú rẹ́jísítà LSTAR nígbà tí kọ̀ǹpútà ń tàn. Ètò kò lè yan ibi tí yóò gbà wọlé. Ibì kan ṣoṣo ló wà, kernel ló sì yàn án.

3. CPU kò bá ètò pààrọ̀ stack rẹ̀. Kernel ló gbọ́dọ̀ ṣe é fúnra rẹ̀: á fi àṣẹ swapgs rí détà tirẹ̀, á bọ́ sórí stack tirẹ̀, á sì to gbogbo rẹ́jísítà ètò sílẹ̀ níbẹ̀. Kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ lórí stack ètò, nítorí ètò lè ti bà á jẹ́ mọ̀ọ́mọ̀.

4. Kernel á wo nọ́ńbà tó wà nínú rax, á wá a nínú àtẹ ìpè, á sì lọ sí iṣẹ́ tí nọ́ńbà náà tọ́ka sí.

5. Iṣẹ́ náà á ṣe é. Bó bá gba kó dúró, bí àpẹẹrẹ nígbà tí ètò fẹ́ ka ohun tó ń bọ̀ láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò sì tíì sí nǹkan kan níbẹ̀, kernel á fi ètò náà sùn, á gbé CPU fún ẹlòmíràn.

6. Nígbà tó bá ń padà lọ, kernel á kọ́kọ́ wò ó bóyá àmì ìkìlọ̀ kan ń dúró de ètò náà, tàbí bóyá ó ti kan ètò mìíràn láti lo CPU. Lẹ́yìn náà ló máa fi ìdáhùn sínú rax, á dá rẹ́jísítà padà, á sì padà sí ring 3.

Ìdáhùn náà jẹ́ nọ́ńbà. Fún àpẹẹrẹ wa, 9 ni, iye báìtì tó kọ. Bí ìpè bá kùnà, ìdáhùn á wà láàárín -4095 àti -1. Láìbúrárì C á yí i padà: á fún ètò ní -1, á sì fi irú àṣìṣe náà sínú errno. Àwọn tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ lórí ni EPERM (1), kò sí àṣẹ. ENOENT (2), kò sí fáìlì tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. EINTR (4), nǹkan já lu ìpè náà. EBADF (9), nọ́ńbà fáìlì kò dára. EACCES (13), wọn kò gbà ọ́ láyè lórí fáìlì yìí. EFAULT (14), àdírẹ́sì mẹ́mórì kò dára. Àti ENOSYS (38), kò sí ìpè tó ní nọ́ńbà yẹn.

Lórí ARM 32-bit, ìlànà náà kò yàtọ̀, orúkọ nǹkan ló yàtọ̀. Nọ́ńbà ìpè á wà nínú r7, àwọn nǹkan tó gbé dání á wà láti r0 lọ, àṣẹ tó kan ilẹ̀kùn sì ni svc. CPU á tọ́jú àdírẹ́sì ìpadàbọ̀, á bọ́ sí ipò supervisor, á sì fò lọ sí ibi tí kernel ti yàn.

Ìpè ní iye owó tirẹ̀. Pípààrọ̀ ipò, títò rẹ́jísítà sílẹ̀ àti dídá wọn padà ń gba àkókò CPU. Owó náà lọ sókè ní oṣù kìíní ọdún 2018, nígbà tí àṣìṣe CPU tí wọ́n ń pè ní Meltdown jáde sí gbangba, tí Linux sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya àtẹ mẹ́mórì kernel sọ́tọ̀ kúrò lára ti ètò. Láti ìgbà náà, lórí CPU tí ọ̀rọ̀ náà kàn, ìpè kọ̀ọ̀kan ń pààrọ̀ àtẹ mẹ́mórì nígbà tó ń wọlé àti nígbà tó ń jáde. Ìdí nìyí tí ètò tó mọ iṣẹ́ fi ń kó ọ̀rọ̀ jọ kó tó pe write lẹ́ẹ̀kan, dípò kó máa pè é fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ìdí kan náà ló mú kí Linux gbé iṣẹ́ bíi wíwo aago sínú vDSO, apá mẹ́mórì kékeré tí kernel ń yá ètò, kí ètò lè mọ aago láìjẹ́ pé ó kan ilẹ̀kùn rárá.

7.4 Àyẹ̀wò tí kernel gbọ́dọ̀ ṣe

Ìlànà kan ló borí gbogbo ìyókù: kernel kò gbọdọ̀ gba ohunkóhun tí ètò sọ gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Àyẹ̀wò mẹ́rin ló ṣe pàtàkì.

Àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà ìpè. Bó bá tóbi ju àtẹ lọ, ìdáhùn ni ENOSYS. Bí kernel kò bá yẹ èyí wò, á lọ ka àdírẹ́sì tí kò sí nínú àtẹ, á sì fò lọ síbi tí kò mọ̀. Láti 2018, Linux tún ń rí i dájú pé CPU kò ní sáré méfò kọjá òpin àtẹ náà kí àyẹ̀wò tó parí.

Èkejì ni àdírẹ́sì. Nígbà tí ètò bá ní kí kernel ka nǹkan láti ibì kan nínú mẹ́mórì, tàbí kó kọ nǹkan síbẹ̀, kernel gbọ́dọ̀ rí i pé apá ti ètò ni ibẹ̀ wà. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ètò lè fún un ní àdírẹ́sì inú kernel fúnra rẹ̀, kernel á sì fọwọ́ ara rẹ̀ tú àṣírí ara rẹ̀ síta, tàbí kó kọ nǹkan lé ara rẹ̀ lórí. Nínú Linux, access_ok ló ń ṣe àyẹ̀wò yìí, copy_from_user àti copy_to_user sì ń ṣe é kí wọ́n tó gbé nǹkan.

Àpẹẹrẹ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá gbàgbé wà ní ọdún 2017. Nínú Linux 4.13, wọ́n tún ìpè waitid kọ kó lè yára sí i, access_ok sì já sílẹ̀. Nítorí ìlà kan ṣoṣo yìí, ètò tí kò ní àṣẹ kankan lè mú kí kernel kọ nǹkan sórí mẹ́mórì ara rẹ̀. Wọ́n tún un ṣe ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ bíi CVE-2017-5123. Àwọn tó kọ kernel náà mọṣẹ́, síbẹ̀ ó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe ka àyẹ̀wò àdírẹ́sì sí ohun kékeré.

Ẹ̀kẹta ni pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí kernel gbé nǹkan láti inú mẹ́mórì ètò. Bí kernel bá ka orúkọ fáìlì kan tó sì fọwọ́ sí i, tó tún padà lọ ka orúkọ náà lẹ́ẹ̀kejì kó tó ṣí i, okùn iṣẹ́ mìíràn nínú ètò náà lè ti yí orúkọ padà láàárín méjèèjì. Fáìlì tí kernel fọwọ́ sí àti fáìlì tó ṣí kò ní jẹ́ ọ̀kan náà mọ́. Nítorí náà, gbé e wọ inú kernel lẹ́ẹ̀kan, yẹ ẹ̀dà yẹn wò, kí o sì lo ẹ̀dà yẹn nìkan.

Ẹ̀kẹrin ni àṣẹ. Ta ló ń pè? Ṣé ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ohun tó béèrè? Àyẹ̀wò kẹrin yìí ló gbé wa padà sí ọ̀rọ̀ Monrovia.

7.5 Àwọn ìpè Mirai lọ́kọ̀ọ̀kan

Kóòdù Mirai wà ní gbangba, nítorí náà a lè ka ìpè tó ń ṣe bó bá ti wọ inú kámẹ́rà. Àwọn tó ṣe kókó nìyí:

- unlink: ó pa fáìlì ara rẹ̀ rẹ́ lórí ẹ̀rọ náà. Láti ìgbà yẹn, inú mẹ́mórì nìkan ló kù sí.
- open àti ioctl: ó ṣí watchdog, ẹ̀ṣọ́ kékeré tó máa ń tan kámẹ́rà padà bó bá dákú, ó sì ní kó dẹ́kun iṣẹ́. Bí kámẹ́rà bá kú tó tún tàn, Mirai á pòórá. Nítorí náà kò fẹ́ kó kú.
- bind: ó gba port 48101 fún ara rẹ̀, kí Mirai méjì má bàa wà nínú ẹ̀rọ kan.
- prctl: ó yí orúkọ process rẹ̀ sí lẹ́tà tí kò nítumọ̀, kí ẹni tó bá ń wo àwọn process má bàa dá a mọ̀.
- fork: ó bí ọmọ, kí iṣẹ́ wíwá ẹ̀rọ tuntun àti iṣẹ́ pípa àwọn ètò mìíràn lè máa lọ pọ̀.
- kill: ó pa ètò tó ń gba telnet lórí port 23, ó wá fi bind gba port náà, kí onílé má bàa lè gba ibẹ̀ wọlé mọ́.
- socket àti sendto: ó ń wá ẹ̀rọ mìíràn, ó sì ń rọ́ packet lu ẹni tí wọ́n bá ní kó lù.

Kò sí èyí tó jẹ́ ìpè àràmàǹdà nínú wọn. Sáfà báńkì ń lo fork. Ẹ̀rọ ayẹ̀wé-íntánẹ́ẹ̀tì inú fóònù ń lo socket. Ètò tó ń fi nǹkan sórí kámẹ́rà ń lo unlink. Bí a bá wo ìpè kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, a kò lè sọ èyí tó jẹ́ ti olè.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ọ̀kan, ká wò ó fínnífínní. Ká sọ pé ARM 32-bit ni kámẹ́rà náà, lábẹ́ ìlànà EABI tí Linux òde òní ń lò. Mirai fẹ́ wá ẹ̀rọ tuntun. Kò fẹ́ gba ọ̀nà gbọọrọ tí connect ń gbà, nítorí ìyẹn ń falẹ̀. Packet TCP tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ló fẹ́ máa jù síta. Nítorí náà ó béèrè fún socket tútù:

    r7 = 281   (socket)
    r0 = 2     (AF_INET)
    r1 = 3     (SOCK_RAW)
    r2 = 6     (IPPROTO_TCP)
    svc 0

Kernel gba ìpè náà. Nọ́ńbà 281 wà nínú àtẹ, ó dára. Kò sí àdírẹ́sì mẹ́mórì kankan nínú ìpè yìí, nítorí náà àyẹ̀wò kejì àti ẹ̀kẹta kò kàn án. Ó kan àṣẹ. Kernel rí SOCK_RAW, ó sì mọ̀ pé ẹni tó bá ní socket tútù lè kọ packet tó bá wù ú, títí kan packet tó ń parọ́ ibi tó ti wá. Ìdí nìyí tí Linux fi ń béèrè agbára kan tó ń jẹ́ CAP_NET_RAW kó tó fún ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: ṣé process yìí ní CAP_NET_RAW?

Ó ní in. Mirai gba ẹnu telnet wọlé bíi root, nítorí root ni ọ̀rọ̀ ìwọlé tí ilé-iṣẹ́ fi sílẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún. Root a sì máa ní gbogbo agbára. Kernel dá nọ́ńbà socket padà nínú r0, Mirai sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ká ní àkáǹtì lásán ni telnet yẹn ṣí sílẹ̀, ìdáhùn ìpè kan náà yóò jẹ́ -1, ìyẹn EPERM. Ohun tó wà nínú kóòdù Mirai fún irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ṣe kedere: apá tó ń wá ẹ̀rọ tuntun á jáwọ́, á sì parí ara rẹ̀. Kámẹ́rà yẹn kò ní lè kó àrùn ran kámẹ́rà mìíràn. Ìpè kan, àyẹ̀wò kan, ìdáhùn kan ló wà láàárín ẹ̀rọ tó ń ran àrùn àti ẹ̀rọ tí àrùn parí sí lára.

7.6 Ibi tí agbára kernel mọ

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú àpẹẹrẹ yìí ni kókó orí 7. Kernel lè yẹ ìwé ìbéèrè wò, kò lè yẹ ọkàn ẹni tó kọ ọ́ wò. Ó mọ ẹni tó ń béèrè, ó mọ ohun tó béèrè, ó mọ àṣẹ tó ní. Kò mọ ìdí tó fi béèrè. Kernel inú àwọn kámẹ́rà tó lu Lonestar kò ṣàṣìṣe. Ó ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ láti ṣe, lẹ́sẹẹsẹ. Àwọn tó kó gbogbo àṣẹ lé ọ̀rọ̀ ìwọlé tí gbogbo ayé mọ̀ ló ṣàṣìṣe.

Ọwọ́ ẹni tó ń kó ẹ̀rọ jọ ni àtúnṣe wà, irinṣẹ́ rẹ̀ sì ti wà nínú Linux kí ọdún 2016 tó dé. Mẹ́ta ni a ó dárúkọ.

Ìkíní ni kí ètò má ṣe máa jẹ́ root bí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá gbà á. Ètò tó ń gbé fídíò kámẹ́rà síta lè bẹ̀rẹ̀ bíi root, kó ṣí ohun tó nílò, kó sì fi setuid bọ́ sí àkáǹtì lásán kó tó gba ọ̀rọ̀ kankan láti ìta.

Ìkejì ni pípín agbára root sí wẹ́wẹ́. Láti Linux 2.2 ní 1999 ni agbára root ti pín sí oríṣiríṣi, tí CAP_NET_RAW sì jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Ètò tó nílò port tó kéré sí 1024 nìkan, CAP_NET_BIND_SERVICE ni kí wọ́n fún un, kí wọ́n sì gba gbogbo ìyókù.

Ìkẹta ni seccomp. Láti Linux 3.5 ní 2012, ètò lè fún kernel ní àkójọ ìpè tó máa lò, kó sì ní kí kernel kọ gbogbo ìpè mìíràn. Kernel á ṣe àyẹ̀wò yìí kó tó dé inú àtẹ ìpè rárá. Bí ètò fídíò kámẹ́rà bá ti sọ pé òun kò ní lo execve àti ptrace láéláé, ẹni tó bá gba ètò náà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní lè lò wọ́n pẹ̀lú.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé àwọn irinṣẹ́ yìí kò lè dí gbogbo nǹkan. Àkáǹtì lásán lè ṣí socket UDP lásán, kó sì máa fi sendto rọ́ packet lu ẹlòmíràn. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń dín ohun tí olè lè rí kó kù bó bá wọlé. Dídí ẹnu ọ̀nà fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ iṣẹ́ ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ìwọlé sí ẹ̀rọ.

Àkótán

Ètò kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ kan hádíwíà, nítorí CPU ló dí i. Ó gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà àti ohun tó gbé dání sínú rẹ́jísítà, kó sì kan ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tí kernel yàn. Kernel á bọ́ sórí stack tirẹ̀, á yẹ nọ́ńbà, àdírẹ́sì àti àṣẹ wò, á gbé détà ètò lẹ́ẹ̀kan péré, á ṣiṣẹ́, á sì dá nọ́ńbà kan padà. Ìkọlù Monrovia fi hàn pé àyẹ̀wò kernel kò lè dára ju àṣẹ tí a pín fún àwọn ètò lọ.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí kernel fi gbọ́dọ̀ bọ́ sórí stack tirẹ̀ kó tó ṣe ohunkóhun?
2. Ètò kan pe write, ó sì fún un ní àdírẹ́sì tó wà nínú mẹ́mórì kernel. Dárúkọ àyẹ̀wò tó máa mú un, àti àṣìṣe tí ètò náà máa rí.
3. Ṣàlàyé ìdí tí ó fi léwu kí kernel ka orúkọ fáìlì kan lẹ́ẹ̀mejì láti inú mẹ́mórì ètò.
4. Nínú àwọn ìpè Mirai tó wà ní 7.5, èwo ló máa kùnà bí Mirai kò bá jẹ́ root, èwo ni kò ní kùnà? Sọ ìdí rẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.
5. Kọ àkójọ ìpè tí o rò pé ètò fídíò kámẹ́rà nílò. Èwo nínú àkójọ náà ni wàá kọ̀ fún un lẹ́yìn tó bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?

Iṣẹ́ ṣíṣe

Lórí kọ̀ǹpútà Linux tìrẹ, fi strace wo àwọn ìpè tí àṣẹ ls ń ṣe, kí o sì to èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kọ ètò C kékeré kan tó béèrè fún SOCK_RAW. Lò ó bíi aṣàmúlò lásán, kí o wo EPERM fúnra rẹ, kí o tún un lò bíi root, kí o sì kọ ohun tó yàtọ̀ sílẹ̀. Ní ìparí, wọ inú ráútà ilé yín. Bí ọ̀rọ̀ ìwọlé tí wọ́n fi tà á bá ṣì wà níbẹ̀, yí i padà lónìí, kí o tó ṣí orí 8.